Àgádágodo Mẹ́ta Lára Ilẹ̀kùn Kan

Kọ́kọ́rọ́ àfikọ́rùn, mo júbà. Ìwọ irin kékeré tí a fi okùn so, tí o sọ̀ kalẹ̀ sí àyà àgbàlagbà bí ẹni pé ọba ló fi ọ́ dá a lọ́lá. Ìwọ tí ń dún woroworo kí olúwa rẹ tó yọ, kí àwọn ọmọdé lè tètè tún ara mú. Adé a máa wúwo lórí, oyè a sì máa jẹ ilé run, ṣùgbọ́n ìwọ, o kò wúwo ju kóró kajú méjì lọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti gbé ọ kọ́rùn kì í lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ mọ́, kí o má baà kan eruku. Mo ti rí ọkùnrin tí aya rẹ̀ kì í dá lóhùn nílé; bó bá ti gbé ọ kọ́rùn, ọgbọ̀n ọmọ á dìde dúró. Mo ti rí ẹni tí ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ ti jábọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ bí ẹni ń ṣọ́ ààfin. Kò sí oyè tó rọrùn jẹ tó ọ. A kì í pa màlúù, a kì í pe àlejò. Okùn nìkan la ń wá.

Abúlé wa wà láàrin àwọn òkè Ìdáàṣà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Soclogbo. Wọ́n ní òkè mọ́kànlélógójì ló yí wa ká. N kò kà wọ́n rí, n kò sì tíì pàdé ẹni tó kà wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ fún àlejò pẹ̀lú ìdánilójú. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn òkè náà, níbi tí àpáta ti dúdú bí ìdí ìkòkò, yàrá kan wà tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí a fi páànù bò. Inú yàrá yìí ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mẹ́ta ń kó ẹrù wọn sí.

Ẹgbẹ́ kìíní ni ti àwọn ọmọkùnrin tí ń so aṣọ mọ́ ọrùn, tí ń yan bíi ṣọ́jà, tí ń pàgọ́ sórí òkè nígbà ìsinmi. Ọkùnrin tí ń tún ọ̀kadà ṣe létí títì ni olórí wọn. Mẹkáníìkì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹgbẹ́ kejì ni ti àwọn ọ̀dọ́ akọrin, olórí wọn sì ni ọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba nínú ìlú. Kò sí ìgbà kan tí kò ní báírò lápò, kódà bó bá ń lọ wẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta ni ti àwọn ọmọbìnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní ọjọ́ Sátidé, lórí ẹ̀rọ méjì. Opó kan, Ìyá Aránṣọ, ló ń kọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ń san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ sì ni iṣẹ́ tó jẹ́ pé kí wọ́n máa kí ni lójú ọ̀nà nìkan ni owó oṣù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí olúkúlùkù fi ń ṣọ́ kíkí tirẹ̀ lójú méjèèjì.

Nígbà kan, ìkòkò ńlá tí àwọn ọmọ Mẹkáníìkì fi ń se oúnjẹ lórí òkè di àwátì. Mẹkáníìkì ra àgádágodo, ó fi ti ilẹ̀kùn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn akọrin kò rí ìlù wọn kó jáde. Akọ̀wé bínú, ó ra àgádágodo tirẹ̀, ó ní òun náà kì í ṣe aláìní ilẹ̀kùn. Ìyá Aránṣọ ra ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní bí gbogbo ilé bá ń ya wèrè, ẹni tí orí rẹ̀ pé ni wọn yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ló jó irin pọ̀, tó lu ihò mẹ́ta sí i, ihò kan fún àgádágodo kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà dára débi pé ó pe gbogbo abúlé wá wò ó. Láti ọjọ́ náà, bí àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá kúrò, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Olórí mẹ́ta gbọ́dọ̀ dúró síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lọ́rùn, kí ọmọ kan tó lè rí bọ́ọ̀lù gbá.

Ìkòkò ńkọ́? Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n rí i ní ẹ̀yìnkùlé ìyá Mẹkáníìkì. Ata ló gbìn sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yọ àgádágodo rẹ̀ kúrò.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí nígbà tí mo padà sílé láti yunifásítì. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni ìmọ̀ nípa àwùjọ, ìyẹn bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn gbé. Mo gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀, mo sì wá ń dá gbé. Ìyá mi ti kú kí n tó dé, ó fi ilé oníyàrá mẹ́ta sílẹ̀ fún mi ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá kan ni mo ń lò. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú ìlú, mo ń gun zémíjàn, ọ̀kadà akérò wa, lọ láàárọ̀, mo ń gùn ún bọ̀ lọ́sàn-án, lẹ́yìn ìyẹn ó di èmi àti ewúrẹ́ aládùúgbò tí ń fi ara ha ògiri mi. Ìlú iṣu ni ìlú wa, ṣùgbọ́n iyán ẹnì kan kò ṣeé gún. Bí o bá gbé ọmọ odó sókè, odó á bi ọ́ pé àwọn yòókù dà. Nítorí náà gàárì ni mo máa ń mu, ní ìdúró, lẹ́bàá fèrèsé.

Ó yẹ kí n sọ pé èdè Ìdáàṣà là ń sọ láàrin ara wa, tí Faransé sì máa ń yọ orí nínú rẹ̀ bí òkúta nínú ìrẹsì. Bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pè mí: Púrọ́fù. Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀ láàárọ̀. Bó bá di ọ̀sán, ẹ̀fẹ̀ á ti pọ̀ ju ọ̀wọ̀ lọ.

Ní Sátidé kan nígbà ọyẹ́, mo ń kọjá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí Ìyá Aránṣọ lórí àpáta níwájú yàrá ẹrù, pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin bíi mẹ́wàá, aṣọ gígé lọ́wọ́ olúkúlùkù.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá."

"Ìjókòó kọ́, Púrọ́fù. Ilẹ̀kùn yìí là ń ṣọ́ kí ó má sá lọ."

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tó ti jókòó láti àárọ̀ ni. Akọ̀wé ti lọ sìnkú ní Soclogbo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Ìyá Aránṣọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ojú mi ti ń ṣú, ọmọ mi. Bí mo bá fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ọmọdé ni mo ń bẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Parakou ti ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Mo ti rí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi."

Ó tọ́ka sí ọmọbìnrin kan tó jókòó ní ìpẹ̀kun àpáta, tó ń fi ọwọ́ rán ọrùn aṣọ. Mo mọ̀ ọ́n. Búrẹ́dì ló ń tà ní gáréjì, ọwọ́ Ìyá Aránṣọ ló sì ti kọ́ṣẹ́ láti kékeré.

"Ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ," ni Ìyá Aránṣọ wí, "ṣùgbọ́n kò lẹ́nu. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá a bẹ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí? Sátidé mẹ́ta ni ilẹ̀kùn yìí kò ṣí, Púrọ́fù. Ọmọ méjì ti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Kútọnu, wọ́n ní kí làwọn ń dúró dè. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yẹ́ mi sí o. Kí ilẹ̀kùn máa ṣí ni mo fẹ́, kí n lè lọ."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Fadá pè mí. Ó jọ pé òun náà ti gbọ́ ẹjọ́ náà.

"Púrọ́fù, ìwọ lo kàwé nípa ènìyàn. Bá mi bá àwọn mẹ́ta yìí sọ̀rọ̀ kí wọ́n fọwọ́sowọ́pọ̀."

"Fadá, ìwé ni mo kà. N kò tíì ka ènìyàn."

"Bẹ̀rẹ̀ látorí mẹ́ta yìí," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo pe ìpàdé sí yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ katikísìmù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi múra sílẹ̀. Mo ya róbótó mẹ́ta sí pátákó, mo ya ọfà láti ọ̀kan sí èkejì, mo sì kọ "ÌYÍPADÀ" sí òkè pẹ̀lú ẹfun aláwọ̀ méjì. Mo sọ̀rọ̀ débi pé òjìji fèrèsé kúrò lára ògiri, ó dé orí tábìlì. Mo ṣàlàyé pé ẹgbẹ́ tí kò bá yí padà yóò kú, mo ṣàlàyé oríṣi olórí tó wà láyé, mo sì fi ọgbọ́n jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti ka oríṣi yẹn ní èdè méjì. Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku wọlé. Akọ̀wé ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mẹkáníìkì ti di ojú, mo rò pé ó ń ronú, títí ó fi hanrun.

Ó tají lójijì. "Púrọ́fù, àwọn ọfà yẹn, ta ni wọ́n ń ta?"

"Wọn kò ta ẹnikẹ́ni. Ọfà àjọṣe ni."

"Hẹn-ẹn. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ kọjú sí ọ̀dọ̀ tèmi ni mo ṣe béèrè."

Akọ̀wé gbé báírò sókè. "Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé."

"Ṣebí ìwọ náà lò ń kọ ọ́," ni Mẹkáníìkì wí.

"Mo ti kọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni."

Ìyá Aránṣọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan látìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń tú òwú kan lára aṣọ rẹ̀, ó ń fi ká ìka. Nígbà tí àwọn yòókù parí, ó bojú wò mí.

"Ọ̀rọ̀ yín dùn, Púrọ́fù. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ àwọn àbúrò mi yìí. Mẹkáníìkì, láti ọjọ́ tí o ti ra àgádágodo rẹ, ìgbà mélòó lo ti dá ṣí ilẹ̀kùn yẹn?"

Mẹkáníìkì họ orí. "Mi ò lè dá ṣí i, Ìyá. Ti yín wà níbẹ̀."

"Akọ̀wé ńkọ́?"

"Èmi náà kò lè dá ṣí i."

"Èmi pẹ̀lú. Kí wá ni ohun tí a fi kọ́rùn yìí ń ṣí?"

Ó gbé okùn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gba orí bọ́ sílẹ̀, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jáde, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì láàrin wa. Ó tún gèlè dì. Akọ̀wé wo Mẹkáníìkì, Mẹkáníìkì wo Akọ̀wé, bí ọmọ méjì tí wọ́n ní kí wọ́n jọ bẹ́ sódò. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ tiwọn. Ohun tí róbótó mẹ́ta àti ọfà mẹ́fà kò lè ṣe nìyẹn, opó kan fi ìbéèrè kan ṣe é. Mo rọra pa pátákó rẹ́.

A fẹnu kò pé àgádágodo kan ṣoṣo ni yóò kù, ti Mẹkáníìkì, nítorí àgádágodo rẹ̀ ló lágbára jù. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan péré ló kù lára kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà. Àwọn yòókù ti sọnù sábẹ́ irin àti òróró nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú un lọ sí ọjà Glazoué, lọ́dọ̀ ẹni tí ń gé kọ́kọ́rọ́, kó gé méjì sí i, kí olúkúlùkù ní tirẹ̀.

"Kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán Akọ̀wé o," ni Mẹkáníìkì wí. "Èmi kò kàn fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Èmi náà ń gbàdúrà fún ẹ," ni Akọ̀wé fèsì. "Ata ìyá rẹ ti so?"

Ìyá Aránṣọ ní ojú ọ̀nà Glazoué ti jìnnà jù fún òun. Ni Mẹkáníìkì bá tọ́ka sí mi. "Púrọ́fù ni kó mú un. Kò lọ́mọ níbẹ̀, kò nílù níbẹ̀, kò lẹ́rọ níbẹ̀. Ta ni yóò jí nǹkan kó fún?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni ìgbẹ́kẹ̀lé gbogbo ẹgbẹ́, nítorí pé n kò ní ẹnikẹ́ni. Ìyá Aránṣọ já okùn aṣọ pupa kan nínú àjákù tó wà nínú àpò rẹ̀, ó fi so kọ́kọ́rọ́ náà fún mi kí ó má baà sọnù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí n tó fọ ẹnu tán, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ẹ kú ilé o! A wá gba kọ́kọ́rọ́." Àwọn ọmọbìnrin méjì ni. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Lọ́sàn-án wọ́n dá a padà, àwọn akọrin wá gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ wá gbà á, ó jókòó, ó béèrè omi, ó sọ ìtàn ọ̀kadà kan tó wọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti Akofodjoulè láìní bíréékì. N kò rántí ìgbà tí ẹnì kan ti jókòó nílé mi gbẹ̀yìn. Ní Sátidé kejì mo ra bẹ́ǹṣì kan. Ní ìkẹta mo gún iyán.

Ìyá Aránṣọ bá mi jẹ ẹ́. Ó ní ó le díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ó rọ̀ díẹ̀. Akọ̀wé máa ń bá wa jẹ, yóò sì ní òun kò jẹ nǹkan kan. Látàrí pé ilé mi ni gbogbo wọn ti ń pàdé, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ láàrin wọn. Àwọn ọmọ Mẹkáníìkì ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde sábẹ́ igi máńgòrò fún àwọn ọmọbìnrin. Àwọn ọmọbìnrin ń rán aṣọ àwọn akọrin. Àwọn akọrin yá àwọn ọmọ tí ń lọ pàgọ́ ní ìlù kan, ìlù náà sì padà wá ní odindi. Fadá dì mọ́ mi lójú gbogbo ìjọ. Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á, irú ìrẹ̀lẹ̀ tí ènìyàn máa ń fi dúró pẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

"Púrọ́fù, àwọn kọ́kọ́rọ́ yòókù ńkọ́?" ni Ìyá Aránṣọ máa ń béèrè.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ìyá."

Mo lọ sí ọjà Glazoué lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra iṣu, mo ra ọṣẹ, mo kọjá níwájú ẹni tí ń gé kọ́kọ́rọ́. Mo tilẹ̀ kí i.

Ìkórè parí. Ìyá Aránṣọ dá Sátidé kan tí yóò fa iṣẹ́ lé ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, níwájú ẹ̀rọ méjèèjì, lójú àwọn òbí, kí ó tó wọkọ̀ lọ sí Parakou ní ọjọ́ kejì. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí òun tún jókòó sórí àpáta yẹn. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pè mí sí Bohicon láti wá bá wọn máàkì ìdánwò, láti Jímọ́ọ̀ títí di Sọ́ńdè. Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ mo gun zémíjàn, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì. Ó juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ sí i padà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Ìyókù, ẹnu Mẹkáníìkì ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, mo kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. N kò bá àgádágodo lára ilẹ̀kùn. Okùn aṣọ pupa kan ni wọ́n fi so ó kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Mo bá Mẹkáníìkì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń nu ọwọ́.

"Ẹ já àgádágodo."

"A já a."

"Ta ló já a?"

"Gbogbo wa! A pè ọ́ títí, fóònù rẹ kò lọ. Ìyá ti jókòó sórí àpáta, àwọn òbí ti dé, Fadá ń wo aago. Ni mo bá ní, kí la tún ń wò? Mo mú ayùn irin. Akọ̀wé di àgádágodo mú fún mi, báírò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, ó gba ayùn. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọbìnrin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn akọrin ń kọrin lé e! Púrọ́fù, ó dùn o. Ó yẹ kí o ti wà níbẹ̀."

"Mo wà níbi ìdánwò. Wọn kì í jẹ́ kí a tan fóònù."

"Mo mọ̀. Mo sọ fún wọn pé o gbàgbé ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Mo gbàgbé."

Ó sọ fún mi pé Ìyá Aránṣọ bọ́ teépù tí ó fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì lọ́rùn, ọmọ náà sì sunkún, kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó rán ìlà kan tó gún régé lójú gbogbo ènìyàn. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó sọ.

"Ìyá ńkọ́? Ṣé inú bí i sí mi?"

Mẹkáníìkì ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Rárá. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun."

Ó ti pé ọdún kan báyìí. Kò sí àgádágodo lára ilẹ̀kùn náà mọ́, wọn kò sì ra òmíràn. Nǹkan kan kò sọnù. Olórí mẹ́ta ni wọ́n ṣì jẹ́, wọ́n ṣì ń bára wọn jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, ẹni tó bá ṣáájú á tú okùn, á wọlé. Ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì ti ní ọmọ méjìlá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ sí Kútọnu ti padà wá. Fadá máa ń fi ẹgbẹ́ wa ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn abúlé mìíràn, ó sì máa ń dárúkọ oyè mi, bí ẹni pé ọfà mi ló wọlé.

Wọ́n fọwọ́ sowọ́pọ̀ lóòótọ́. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sowọ́pọ̀ gé ni àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Kò sí ẹni tí ń wá gba kọ́kọ́rọ́ mọ́, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi wá. Wọ́n máa ń kí mi lójú ọ̀nà, kíkí tó dára, ẹsẹ̀ wọn kì í sì í dúró. Láti ojú fèrèsé mi mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ méjèèjì lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kan á sáré, èkejì á lé e. Bẹ́ǹṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ aládùúgbò ló ń sùn sí i. Mo ti da ojú odó dé. Mo ti padà sídìí gàárì.

Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣe ẹlẹ́yà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ku ohun kan tí n kò tíì sọ fún Mẹkáníìkì, tí n kò sọ fún Ìyá Aránṣọ nígbà tí mo pè é ní Parakou, tó ń bi mí bóyá mo ń gún iyán. N kò gbàgbé. Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ yẹn mo mọ̀ pé Sátidé ló kàn, mo mọ Sátidé tí í ṣe. Nígbà tí Mẹkáníìkì juwọ́ sí mi, ọwọ́ mi kan wà lórí kọ́kọ́rọ́ náà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Kò ju kí n sọ fún ọlọ́kadà pé kó dúró lọ. N kò sọ ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n wá mi, kí wọ́n rí i pé n kò sí nílé, kí àìsí mi sì dùn wọ́n.

Ó wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò ṣí nǹkan kan. Èmi náà fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn.